Etí Odò Saint-Martin ní Párísì

Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Párísì, olú-ìlú ilẹ̀ Faransé, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn a máa péjọ sí etí odò Saint-Martin. Wọn a tẹ́ aṣọ sílẹ̀, wọn a kó búrẹ́dì, wàràkàṣì àti èso jáde, wọn a sì na ẹsẹ̀ sí ọ̀nà omi. Ohun tí wọ́n bá wá kò ju kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sì máa wo ẹni tí ń kọjá; ẹni tí ń kọjá náà a sì máa wò wọ́n. Ẹnikẹ́ni kì í gba owó ìwọlé lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìgbádùn ni wọ́n ṣe fọwọ́ gbẹ́ odò yìí, ó sì kù díẹ̀ kí ó pòórá.

Omi mímu ló bí i. Ní 1802, Napoleon Bonaparte pàṣẹ pé kí wọ́n fa omi odò Ourcq wọ ìlú, nítorí omi tó mọ́ ṣọ̀wọ́n fún àwọn ará Párísì. Níbo ni wọ́n ti rí owó? Wọ́n bu owó orí lé ọtí wáìnì. Ẹ ò rí i pé àwọn ọ̀mùtí ló sanwó omi! Ní 1825 ni wọ́n ṣí i. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà mẹ́rin ààbọ̀, ó sì ní ilẹ̀kùn omi 9 tí wọ́n ń ṣí, tí wọ́n ń tì, kí ọkọ̀ lè máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí láti òkè rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ tó nǹkan bí mítà 25. Kò pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ àti ilé ìkẹ́rùsí fi kún etí rẹ̀.

Níbi tí òṣìṣẹ́ bá pọ̀ sí, ojú ìjọba kì í kúrò níbẹ̀. Nígbà tí àwọn tálákà ìhà ìlà-oòrùn ìlú bá dìde, odò yìí ni odi wọn. Nítorí náà, ní àwọn ọdún 1860, lábẹ́ Napoleon Kẹta, Haussmann tí ń tún ìlú náà kọ́ mú kí wọ́n rẹ apá kan odò náà sílẹ̀, kí wọ́n bò ó, kí wọ́n sì la títì gbòòrò sórí rẹ̀. Àwọn ará ìlú rí títì tó lẹ́wà. Ẹṣin ológun náà sì rí ọ̀nà gbà. Títí di òní, nǹkan bí kìlómítà 2 odò náà ló wà lábẹ́ ilẹ̀.

Èyí tó kù kò sinmi. Ní àwọn ọdún 1960, tí ọkọ̀ akẹ́rù ti dínkù lójú omi, wọ́n pète láti fi títì márosẹ̀ dí i. Àwọn ará àdúgbò kọ̀ ọ́, ètò náà sì fọ́. Ní 1993, ìjọba fi odò náà sábẹ́ ààbò òfin.

Lójú tiwa, Disẹ́ńbà 2006 ni ìtàn rẹ̀ wúwo jù. Ẹgbẹ́ Les Enfants de Don Quichotte pa àgọ́ sí etí rẹ̀ fún àwọn aláìnílé, wọ́n sì ní kí àwọn onílé wá sùn níbẹ̀ fún òru kan. Wọ́n mọ̀ pé ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń wòran ni, kò sí ẹni tí yóò lè ní òun kò rí wọn. Ní Máàṣì 2007, òfin jáde pé ẹni tí kò rí ilé gbé lè pe ìjọba lẹ́jọ́.

Ní 2016, wọ́n gbẹ odò náà láti fọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ kó ẹja kúrò. Kẹ̀kẹ́ ló yọ jáde, àti àga, àti igò ọtí lóríṣiríṣi. Àwọn ará ìlú sì dúró létí rẹ̀, wọ́n ń wòran.