Àpò ìtọ̀ aláṣejù lára obìnrin

Àpò ìtọ̀ aláṣejù jẹ́ ìṣòro ìlera tí ó máa ń mú kí ìtọ̀ gbọ̀n ènìyàn lójijì, lọ́nà tí ó ṣòro láti mú mọ́ra. Ẹni tí ó ní in sábà máa ń tọ̀ léraléra lọ́sàn-án, ó sì máa ń jí tọ̀ lóru. Nígbà mìíràn, ìtọ̀ á ti bọ́ sára kí ó tó dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. International Continence Society, ẹgbẹ́ àgbáyé tí ọ̀rọ̀ àìlèmú ìtọ̀ dúró jẹ lógún, ka ìgbọ̀n òjijì yìí sí àmì pàtàkì tí wọ́n fi ń dá a mọ̀. Ìtọ̀ lè bọ́ sára, ó sì lè má bọ́. Ọkùnrin náà ń ní in, ṣùgbọ́n ti obìnrin ni àyọkà yìí dá lé.

Ìṣòro yìí ń wọ́pọ̀ sí i bí ọjọ́ orí ṣe ń ga, èyí tí ó ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn pè é ní ọ̀rọ̀ àgbà lásán. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Ìtọ́jú ń ràn ọ̀pọ̀ obìnrin lọ́wọ́, ìtọ́jú àkọ́kọ́ kò sì ní oògùn nínú. Ìtìjú ni ó sábà máa ń dá wọn dúró: obìnrin á máa wá ìjókòó ẹ̀bá ilẹ̀kùn níbi ìsìn, á yẹra fún ìrìn àjò gígùn, á sì máa tètè kúrò níbi ìnáwó, fún ọdún púpọ̀ kí ó tó sọ fún dókítà.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀

Iṣan tí ó ń fẹ̀ ni wọ́n fi dá àpò ìtọ̀. Ti àgbàlagbà lè gba nǹkan bí ìdajì lítà. Bí ìtọ̀ ṣe ń wọ inú rẹ̀ láti ara kíndìnrín, iṣan náà máa ń dẹ̀, ọpọlọ á sì máa dá a dúró títí ènìyàn yóò fi ráyè tọ̀. Bí àpò náà bá jẹ́ aláṣejù, iṣan yìí á máa fún pọ̀ láìgba àṣẹ, kódà nígbà tí ìtọ̀ inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìró omi ẹ̀rọ tàbí fífi kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn ilé lè tó láti ru ú sókè.

Lára ọ̀pọ̀ obìnrin, a kì í rí ohun kan pàtó tọ́ka sí pé òun ni ó fà á. Àrùn rọpárọsẹ̀, àrùn Parkinson àti ìpalára ọ̀pá ẹ̀yìn lè fà á, nítorí wọ́n ń ba ọ̀nà tí ọpọlọ fi ń bá àpò ìtọ̀ sọ̀rọ̀ jẹ́. Ìyípadà ara lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, àìlèyàgbẹ́ dáadáa àti ara sísan jù lè mú un le sí i. Bákan náà ni kafíìnì, tí ó wà nínú kọfí, tíì àti ọ̀pọ̀ ohun mímu amúnilókun. Obì náà ní kafíìnì nínú, nítorí náà ẹni tí kì í mu kọfí rárá lè máa jẹ ẹ́ lẹ́nu.

Ohun tí ó jọ ọ́ tí kì í ṣe òun

Bí ìtọ̀ bá ń jáde nígbà tí obìnrin bá wúkọ́, tí ó rẹ́rìn-ín tàbí tí ó gbé ẹrù, àìlera iṣan ìsàlẹ̀ abẹ́ ni ó sábà máa ń fà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣòro méjèèjì lè wà lára ẹnì kan náà. Àìsàn ìtọ̀ súgà ń mú kí ìtọ̀ pọ̀ gan-an, àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan sì wà tí iṣẹ́ wọn gan-an ni láti mú ènìyàn tọ̀. Kòkòrò àrùn inú ìtọ̀ ń mú kí títọ̀ dunni.

Èyí tí kò gbọ́dọ̀ rú ẹnikẹ́ni lójú ni ìtọ̀ tí ń dà tọ̀sán-tòru láìjẹ́ pé ó gbọ̀n obìnrin náà, pàápàá lẹ́yìn ìrọbí tí ó pẹ́ jù. Ó ṣeé ṣe kí ihò ti lu láàárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sábà fi ń dí ihò bẹ́ẹ̀. Kò sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àpò ìtọ̀ tí ó lè dí i. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ náà ń béèrè àyẹ̀wò kíákíá.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n máa ń yẹ ìtọ̀ wò, wọ́n sì máa ń ní kí obìnrin náà kọ gbogbo ohun tí ó mu àti ìgbà tí ó tọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ 3 ó kéré tán.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àpò ìtọ̀

Èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé àpò ìtọ̀ ń kọ́ àṣà. Ẹni tí ó ń tọ̀ ní gbogbo ìgbà «kí ó má baà gbọ̀n mí lọ́nà» ń kọ́ ọ láti máa pariwo nígbà tí kò tíì kún. Obìnrin tí ó ń tọ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan lè kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú 15 kún un. Bí ara bá ti gbà á, yóò tún fi kún un, títí yóò fi tó wákàtí 3 tàbí 4. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n ń fi ṣe é.

Bí ìtọ̀ bá gbọ̀n ọ́n lójijì, sísáré lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù. Ohun tí wọ́n ń kọ́ni ni kí ó dúró jẹ́ẹ́ tàbí kí ó jókòó, kí ó fún iṣan ìsàlẹ̀ abẹ́ pọ̀ kíákíá ní ìgbà mélòó kan, kí ó mí kanlẹ̀, kí ó sì gbé ọkàn sí nǹkan mìíràn. Ìgbọ̀n náà máa ń ga, á sì rọlẹ̀. Ìgbà tí ó bá rọlẹ̀ ni yóò rìn lọ.

Iṣan yìí kan náà ni ènìyàn máa ń fún pọ̀ bí kò bá fẹ́ kí ìsó jáde. Dókítà ará Amẹ́ríkà, Arnold Kegel, ni ó gbé eré ìdárayá rẹ̀ jáde ní ọdún 1948. Fífún un pọ̀ ní ìgbà 8, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún oṣù 3 ni ìmọ̀ràn tí ó wọ́pọ̀. Kò dára kí ènìyàn máa fi dídá ìtọ̀ dúró láàárín títọ̀ ṣe é déédéé.

Ní ọdún 1998, ìwádìí kan tí Kathryn Burgio ṣáájú nínú rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn JAMA, lórí obìnrin 197 tí wọ́n ti tó ọdún 55 ó kéré tán. Iye ìgbà tí ìtọ̀ ń bọ́ sára fi nǹkan bí ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù fún àwọn tí wọ́n kọ́ ní ìlànà yìí, ìdá 69 fún àwọn tí wọ́n lo oògùn oxybutynin, àti ìdá 39 fún àwọn tí wọ́n lo oògùn asán.

Àìmu omi kì í ṣe ìtọ́jú. Ìtọ̀ tí ó ki jù lè máa ta àpò náà, ìgbẹ́ á sì gbẹ. Dídín omi kù ní wákàtí díẹ̀ ṣáájú oorun nìkan ni ó ṣàǹfààní fún ẹni tí ń jí tọ̀ lóru.

Oògùn àti ìtọ́jú mìíràn

Oxybutynin, tolterodine àti solifenacin máa ń dẹ iṣan àpò ìtọ̀. Wọ́n lè mú ẹnu gbẹ, wọ́n sì lè fa àìlèyàgbẹ́. Lára àgbàlagbà wọ́n lè da ọpọlọ rú, nítorí náà dókítà máa ń ṣọ́ra fún oxybutynin lára àwọn àgbà tí ara wọn kò le. Mirabegron ń gba ọ̀nà mìíràn ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Kò yẹ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ bá tó 180/110. Ìpara estrogen tí wọ́n ń fi sí ojú ara ń ran àwọn kan lọ́wọ́ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró.

Bí gbogbo èyí kò bá ṣiṣẹ́, dókítà lè fún Botox sínú iṣan àpò ìtọ̀, tí agbára rẹ̀ ń lò tó oṣù mélòó kan kí wọ́n tó tún un ṣe. Ó lè mú kí ó ṣòro fún àwọn kan láti tọ̀ tán, kí wọ́n sì nílò láti máa fi rọ́bà tóóró fa ìtọ̀ jáde fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n máa ń bi obìnrin léèrè ṣáájú bóyá ó lè ṣe èyí fúnra rẹ̀.