Ta Ló Fi Owó Lé Epo? Ìtàn Ẹ̀bi Tí À Ń Dì Ru Ara Wa



Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbi ìpàdé oṣù tó kọjá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Fún àwọn tí kò sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ omi la lọ sọ. Akápò wa dìde, ó ka ìṣirò owó ẹ̀rọ omi tí ẹgbẹ́ gbẹ́ fún àdúgbò, ó ní epo tí jẹnẹrétọ̀ ń mu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo owó tí à ń rí lórí kẹ́ẹ̀gì tán. Ọ̀nà méjì ló wà: ká fi owó lé omi, tàbí ká máa tan ẹ̀rọ láàárọ̀ nìkan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló yẹ kó gbà wá. Bàbá kan bá sọ láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tẹ́ ẹ dìbò fún." Bàbá kejì dáhùn pé àwọn tó jẹ ẹ́ ṣáájú ló sọ epo di wúrà. Ká tó ṣẹ́jú, ilé ti pín sí méjì, wọ́n ń pe Jonathan, Buhari àti Tinubu bí ẹni ń ki oríkì. Ìpàdé tú ká láìdìbò. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ẹ̀rọ omi fi wà ní pípa. Ọwọ́ mẹ́ruwà ni àwọn ìyá tó ń se oúnjẹ tà lẹ́bàá títì ti ń ra omi, ẹ ò sì ní fẹ́ gbọ́ iye tí wọ́n ń rà á.

Wọ́n ní kí èmi, alákòóso ẹ̀ka àwọn ọ̀dọ́, kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé náà. Mo jókòó, mi ò mọ ohun tí mo máa kọ. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mò ń kà ní yunifásítì, nítorí náà mo ṣe èyí tí mo mọ̀ ọ́n ṣe: mo to ọdún tẹ̀lé ara wọn, mo kọ iye epo sí ẹ̀gbẹ́ ọdún kọ̀ọ̀kan, mo kọ orúkọ ẹni tó wà lórí àléfà sí i. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ní 1973, nígbà ayé Gowon, kọ́bọ̀ mẹ́fà ni lítà epo kan kí wọ́n tó sọ ọ́ di 8.45 kọ́bọ̀. Murtala dé, ó di kọ́bọ̀ mẹ́sàn-án ní 1976. Ọbásanjọ́, nígbà tó ṣì wọ aṣọ ológun, sọ ọ́ di kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé díẹ̀ ní 1978. Shagari sọ ọ́ di ogún kọ́bọ̀ ní 1982. Babangida sọ ọ́ di 39.5 kọ́bọ̀ ní 1986, nígbà tó sì máa fi lọ, àádọ́rin kọ́bọ̀ ni. Ní 1988, tó gbé e láti 39.5 kọ́bọ̀ sí kọ́bọ̀ méjìlélógójì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Jos bọ́ sí ìta, rògbòdìyàn sì tàn dé ìlú mìíràn. Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi, ó rẹ́rìn-ín. "Kọ́bọ̀ méjì àbọ̀!" Ó ní àwọn tó bínú nígbà yẹn kò tíì rí nǹkan kan.

1993 ló yà mí lẹ́nu jù. Wọ́n ti wọ́gi lé ìbò June 12, Shonekan ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìjọba fìdíhẹ rẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá, ó gbé epo láti àádọ́rin kọ́bọ̀ sí náírà márùn-ún. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC kéde ìyanṣẹ́lódì. Lọ́jọ́ kejì sí i, Adájọ́ Dọlápọ̀ Akínsànyà ní ilé ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ pé ìjọba náà kò bá òfin mu. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹtàdínlógún, Abacha ti ní kí Shonekan máa lọ ilé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí Abacha gba ìjọba, ó dín epo kù sí N3.25. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mí kanlẹ̀, àbí ta ni kò ní mí kanlẹ̀? Ọdún kan kò pé dáadáa, ní oṣù kẹwàá 1994, Abacha kan náà sọ ọ́ di náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́yìn ọjọ́ méjì ó dín in sí mọ́kànlá. Ó ní owó tó lé yẹn, àjọ PTF ni yóò fi ṣe títì àti ọsibítù. Ta ni alága PTF? Muhammadu Buhari. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, a ó tún bá a pàdé.

Ẹ tún wo náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó di mọ́kànlá yẹn. Abdulsalami ṣe bẹ́ẹ̀ náà: 25 di 20. Ọbásanjọ́ alágbádá ṣe é ní 2000, 30 di 22. Ó tún ṣe é ní 2003, 40 di 34 lẹ́yìn tí Oshiomhole kó àwọn òṣìṣẹ́ sílé. Jonathan ṣe é ní 2012, 141 di 97. Bí ìyá aláṣọ ṣe ń ná ọjà ní Aswani gan-an nìyẹn. Á pe iye tó máa lé ọ jìnnà, ìwọ náà á pariwo, á dín díẹ̀ fún ọ, ìwọ á sanwó, inú rẹ á dùn pé o ná an dáadáa. Ní 2003, N26 la wà tẹ́lẹ̀. A jà, a gba N34, a jó lọ sílé.

Ní ti 2012, ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, Ṣógúnlé la sì ń gbé nígbà náà. Ọjọ́ kìíní ọdún ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí N65 di N141. Kò sí ọkọ̀ lọ́nà ní ọ̀sẹ̀ ìyanṣẹ́lódì yẹn, bàbá mi fi ẹsẹ̀ rìn dé Ọjọ́ta, sí ọgbà Gani Fawehinmi, pẹ̀lú ewé lọ́wọ́. Nígbà tó dé, ó ní òun kò rí irú èrò bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún oṣù náà, ológun gba ọgbà yẹn, owó epo sì dúró sí N97.

Àwọn wo ló wà lẹ́yìn ìwọ́de náà? Tinubu, tó jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ alátakò nígbà yẹn, fi àtẹ̀jáde gígùn síta pé Jonathan ti da àdéhùn tó wà láàárín ìjọba àti aráàlú. Buhari náà ní jìbìtì lọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́, ó ń béèrè pé ta ló ń ran ta lọ́wọ́. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, Buhari ti di ààrẹ, òun fúnra rẹ̀ ló sì tún jẹ́ mínísítà epo. Ní oṣù karùn-ún 2016, ìjọba rẹ̀ sọ epo di N145. Lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún 2023, Tinubu dúró ní Eagle Square, ó ní owó ìrànwọ́ ti lọ. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, N488 ni wọ́n ń ta epo ní ilé epo NNPC l'Ékòó. Àwọn PDP tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ ní 2012 wá di agbẹnusọ mẹ̀kúnnù. Bẹ́ẹ̀, tí a kò bá fẹ́ parọ́, Tinubu, Atiku àti Obi, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sọ nígbà ìpolongo pé àwọn máa yọ ọ́. Torí náà, bàbá tó sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn àti bàbá tó dá a lóhùn, òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ìdajì òótọ́ ni, ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ìdajì tó wù ú.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká fi orúkọ sílẹ̀ díẹ̀, ká ṣe ìṣirò.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2012, nǹkan bíi N160 ni dọ́là kan. Epo N97 nígbà náà jẹ́ nǹkan bí ọgọ́ta sẹ́ǹtì. Ní oṣù kẹwàá 2024, N998 ni NNPC ń ta epo l'Ékòó, dọ́là sì ti wà ní nǹkan bíi N1,600. Ẹ pín in: sẹ́ǹtì méjìlélọ́gọ́ta. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta lórí fóònù mi torí mo rò pé mo ṣì í. Àwọn méjèèjì kò rí bákan náà pátápátá o. Owó ìrànwọ́ ṣì wà nínú N97 yẹn, epo rọ̀bì sì wọ́n lágbàáyé ní 2012 ju 2024 lọ. Síbẹ̀, ohun tó ń bà wá nínú jẹ́ ní ilé epo kì í ṣe pé epo gòkè nìkan. Náírà ló já bọ́ lọ́wọ́ wa. Ní 1982 tí Shagari sọ epo di ogún kọ́bọ̀, náírà kan ju dọ́là kan lọ.

Ìṣirò kejì ló dùn mí jù. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin 1981 là sílẹ̀ ni N125. Ní 1982, ó lè ra lítà epo 625. Ní 2012, N18,000 lè ra 185. Ní 2024 tí wọ́n sọ ọ́ di N70,000, tí gbogbo rédíò ń kí òṣìṣẹ́ kú oríire, àádọ́rin lítà ló lè rà nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá. Ní 2025, epo sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ N900 ní àwọn ilé epo kan, lítà bíi mélòó kan ló fi kún un.

Kí ló dé tí dọ́là fi kan epo tó wà nínú ilẹ̀ tiwa? Torí pé epo rọ̀bì là ń tà, epo tí wọ́n ti fọ̀ là ń rà wálé. Iléeṣẹ́ ìfọpo mẹ́rin ni ìjọba ní: ti Port Harcourt tó bẹ̀rẹ̀ ní 1965, ti Warri ní 1978, ti Kaduna ní 1980, àti ti Port Harcourt kejì ní 1989. Tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ pé, àgbá 445,000 ni wọ́n lè fọ̀ lóòjọ́. Buhari yìí kan náà ni kọmíṣánnà epo nígbà tí wọ́n ń kọ́ ti Warri. Àwọn ológun ló kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, wọn kò tọ́jú wọn. Ọbásanjọ́ ta méjì nígbà tó ń lọ ní 2007, Yar'Adua fagi lé e. Lábẹ́ Jonathan, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin rí i pé ìjọba san ohun tó lé ní tírílíọ̀nù méjì àbọ̀ náírà fún owó ìrànwọ́ ní 2011, nígbà tó jẹ́ pé bílíọ̀nù 245 ló wà nínú ìṣúná. Farouk Lawan tó ṣe alága ìgbìmọ̀ yẹn ṣẹ̀wọ̀n lẹ́yìn náà torí àbẹ̀tẹ́lẹ̀ dọ́là tó gbà lórí ìwádìí kan náà! Buhari lo ọdún mẹ́jọ, iléeṣẹ́ ìfọpo kò dìde. Tinubu yọ owó ìrànwọ́, láàárín oṣù kan ó tún tú náírà sílẹ̀, ẹrù méjì lórí ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní Port Harcourt ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kọkànlá 2024, wọ́n tún tì í ní oṣù karùn-ún 2025. Ti Dangote ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí ló ń fọ epo bẹntiróòlù fún wa báyìí, láti oṣù kẹsàn-án 2024, ti oníṣòwò sì nìyẹn, kì í ṣe ti ìjọba.

Ìdí tí mo fi ka gbogbo ìyẹn ni pé ẹ̀bi wà, mi ò ní kò sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá kàn ní "Jonathan ló fà á" tàbí "Tinubu ló fà á", gbogbo àwọn tó kù ti rí ibi sá sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa rárá. Ibùdó epo NNPC wà ní Èjìgbò, tó wà lábẹ́ Oṣòdì-Ìsọlọ̀ kí wọ́n tó gé e kúrò ní 2003. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Jakande Gate mọ bí tánkà ṣe máa ń tò lójú ọ̀nà yẹn. Ọ̀pá tó ń gbé epo wá síbẹ̀ ń bọ̀ láti Atlas Cove létí òkun, ó gba Mosimi lẹ́bàá Ṣágámù. Epo tí ọkọ̀ ojú omi gbé wá láti òkèèrè ló ń gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá lọ́dọ̀ wa ní gbogbo ọdún yẹn. Ọ̀pá yìí náà ni wọ́n lu ní Abúlé Ẹ̀gbá lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì 2006, tí ènìyàn tó ju igba lọ jóná. Ní Ìjẹ̀gùn ní oṣù karùn-ún 2008, ẹ̀rọ tó ń la títì ló gún un. Epo olówó pọ́ọ́kú kò sì dúró sọ́dọ̀ wa tán: ọ̀pọ̀ rẹ̀ gba Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Kútọnu, níbi tí wọ́n ti ń tà á nínú ìgò lẹ́bàá títì, tí wọ́n ń pè é ní kpayo. Nígbà tí a yọ owó ìrànwọ́ ní 2023, kíá ni kpayo náà gbówó lórí. Ará Kútọnu kò dìbò fún ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Mo mú ìwé yìí lọ fún bàbá tó sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ní ìpàdé. Ó wo ìlà 1978, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun ní ọkọ̀ Ìjàpá nígbà náà, àti pé òun wà lára àwọn tó bú Ọbásanjọ́ nítorí kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn náà ló ní kí n fi ìwé náà sílẹ̀ fún òun.

Mo ti bẹ alága wa, wọ́n sì ti gbà: ní ìpàdé ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, omi ló máa kọ́kọ́ wá, ká tó gbàdúrà ọ̀rọ̀ òṣèlú. Akápò máa mú ìwé ìṣirò wá, a ó sì dìbò lórí ọ̀nà méjèèjì yẹn. Ẹ̀ka ọ̀dọ́ máa mú ọ̀nà kẹta wá, ìyẹn iye tí ẹ̀rọ oòrùn máa ná wa àti iye oṣù tí a máa fi san án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dé. Ẹ̀yin àgbà tó bá ṣì ní rìsíìtì ilé epo àtijọ́ nílé, ẹ bá mi mú un wá.