Ọjọ́ Tí Mo Wọ Rélùwéè

Aago mẹ́fà àárọ̀. Ọjà Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta ti ń hó. Ojú irin àtijọ́ kò jìnnà sí ilé wa. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ láti Èkó. Nígbà tó di 1901, ó ti gba ìlú wa kọjá dé Ìbàdàn. Síbẹ̀, n kò wọ rélùwéè rí. Ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà mí láti kékeré. Ó tún wá le sí i ní ọjọ́ 28, oṣù kẹta, ọdún 2022, nígbà tí àwọn agbébọn fi bọ́ǹbù dá ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná dúró, tí wọ́n pa èèyàn, tí wọ́n sì jí ọ̀pọ̀ gbé.

Aago méje ààbọ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kọjá afárá odò Ògùn, a forí lé Ládèrin, níbi tí ibùdókọ̀ ojú irin tuntun tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ wà. Ojú irin tuntun yìí, láti Èkó dé Ìbàdàn, gùn tó kìlómítà 157, wọ́n sì ṣí i ní oṣù kẹfà ọdún 2021.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀. A ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àtẹ́lẹwọ́ mi ń làágùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lọ wọ mọ́tò."

"Rárá o. Jókòó tì mí, kí o rọra máa mí. Bí o bá sá lónìí, ọ̀la á le jù báyìí lọ."

Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀. Ọkọ̀ dé láti Mọ́níyà ní Ìbàdàn. A wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ibí gan-an ni ẹ̀rù mi fìdí sí. Nínú dáńfó, mo lè kígbe pé "Ó wà o!" kí n sì bọ́ sílẹ̀. Kò sí ìyẹn níbí. Àyà mi ń lù kìkì, ojú mi ṣú. Mo di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mú, n kò dìde. Kí a tó dé Papaláńtò, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì sọ, ẹ̀rù náà ti rọlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lé e. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.

Aago mẹ́wàá ààbọ̀ kọjá. A sọ̀ sí Èbúté Mẹ́ta ní Èkó.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi dúró sí Èkó. Èmi nìkan ni mo wọ ọkọ̀ padà. Àyà mi já nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé yóò rọlẹ̀.

Aago méje alẹ́. Mo ti délé. Ìbẹ̀rù tí a bá ń sá fún ló ń lágbára. Èyí tí a bá dúró tì, kì í pẹ́ kó tó rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ bá kọjá agbára rẹ̀, kó má dá a gbé. Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Àrò wà nítòsí wa. Níbẹ̀ ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ní 1954, ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní abúlé àyíká, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú. Wèrè nìkan kọ́ ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Wọ́n ń tọ́jú ìbẹ̀rù náà. Ẹ má tijú, ẹ lọ bá wọn.