Balùwẹ̀ Àtijọ́ ní Komah àti Kambolé: Ọwọ́ Ta Ni Àtúnṣe Rẹ̀ Wà?

Ní ilẹ̀ Tógò, bí ẹnikẹ́ni bá sọ lédè Faransé pé òun ń lọ sí «douche», kì í sábà ṣe ẹ̀rọ tí ń da omi láti òkè ni ó ní lọ́kàn. Ògiri mẹ́rin lẹ́yìn ilé, tí kò ní òrùlé, pẹ̀lú korobá omi kan àti ike ìbomi: èyí ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Balùwẹ̀ ni Yorùbá ń pè é kí Faransé tó dé. Mo fẹ́ sọ ìtàn ibi kékeré yìí nítorí pé, ní Komah ní ìlú Sokodé, ní Tchamba àti ní Kambolé, àwọn ọmọ ń fi ọwọ́ ara wọn tún balùwẹ̀ àwọn bàbá wọn ṣe, àwọn mìíràn sì ń ti ibẹ̀ ba ògiri ilé jẹ́.

Láyé àtijọ́, ọkùnrin ni ó ń mọ ògiri amọ̀, obìnrin ni ó ń ṣe ilẹ̀. Wọn a da yangí wẹ́wẹ́ sílẹ̀, wọn a wọ́n omi sí i, wọn a sì fi igi pẹlẹbẹ lù ú títí yóò fi dì. Lẹ́yìn èyí ni ó kan omi èèpo igbá. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé hóró igi igbá ni a fi ń ṣe irú. Ṣùgbọ́n èèpo èso náà kì í ṣe ohun ìdànù. Wọn a rẹ ẹ́, wọn a sè é títí omi rẹ̀ yóò fi pọ́n, wọn a sì dà á sí ilẹ̀ tàbí kí wọ́n fi pa ògiri. Ó ń so amọ̀ pọ̀, omi kì í sì í tètè wọ inú rẹ̀ mọ́. Àwọn Kabyè mọ̀ ọ́n, àwọn Batammariba mọ̀ ọ́n, wọ́n sì mọ̀ ọ́n dáadáa ní àríwá Bẹ̀nẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ọgbọ́n abúlé lásán. Ní Ìta Yemòó ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí Frank Willett ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú ilẹ̀ ní ọdún 1957, a rí ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́, tí wọ́n to àpáàdì náà ní ìdúró, ọ̀kan ti èkejì, kí ẹsẹ̀ àti omi má baà jẹ ilẹ̀. A ti rí irú ilẹ̀ alápàáàdì bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Kabyè pẹ̀lú, tí kò jìnnà sí Sokodé.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé ilẹ̀ balùwẹ̀ kì í tẹ́jú. Ó máa ń dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí ojú ihò kan nísàlẹ̀ ògiri, omi a gba ibẹ̀ lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Oòrùn a sì gbẹ ìyókù, nítorí kò sí òrùlé. Ní ìlú àwọn mùsùlùmí bíi tiwa, níbi tí àlùwàlá ń wáyé lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, ilẹ̀ tí kò bá tètè gbẹ kò lè pẹ́.

Sìmẹ́ǹtì kò tètè dé ọ̀dọ̀ wa. Àdéhùn tí Faransé àti Jámánì fọwọ́ sí ní ọjọ́ 23 oṣù Keje, 1897, ti fi Kambolé sí apá Tógò, ó sì fi Manigri, tí ń sọ èdè kan náà, sí apá Dahomey. Láti ìgbà náà, Lomé ni ẹrù Kambolé ti ń gòkè bọ̀, ní ti òfin, ó kéré tán. Rélùwéè dé agbègbè Atakpamé ní 1911. Nǹkan bí 1934 ni ó tó dé Blitta, ọkọ̀ ẹrù ni ó sì ń gbé e láti ibẹ̀ wá sí Sokodé. Apò kan tàbí méjì kò tó kọ́ ilé, ṣùgbọ́n ó tó fún balùwẹ̀. Báyìí ni iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ obìnrin, tí ó bọ́ sọ́wọ́ mọlémọlé tí à ń sanwó fún.

N kò bá sìmẹ́ǹtì jà. Ilẹ̀ rẹ̀ rọrùn láti fọ̀, kò sì sí pé a ń lù ú lọ́dọọdún. Ara ògiri ni wàhálà wà. Omi tí ó bá wọ inú ògiri amọ̀ láti ìsàlẹ̀ a máa gba ojú rẹ̀ jáde nígbà tí oòrùn bá ràn. Bí a bá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, ọ̀nà náà dí: amọ̀ a máa rọ̀ nínú, sìmẹ́ǹtì a ṣì dúró lóde bí ẹni pé kò sí nǹkan, títí di ọjọ́ òjò ńlá. Bí ó bá ṣe ògiri yàrá ni balùwẹ̀ fara tì, ẹni tó ń sùn lódì kejì wà nínú ewu.

Nítorí náà, kí ẹni tí yóò ṣe é fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ da igbá omi kan sílẹ̀, kí ó wo ibi tí ó ń ṣàn sí, kó tó ra ohunkóhun. Kí sìmẹ́ǹtì mọ sí ilẹ̀, kí òkúta wà ní ẹsẹ̀ ògiri, kí a sì fi amọ̀ àti omi igbá rẹ́ ìyókù. Kòtò tí omi ń dà sí kò gbọdọ̀ sún mọ́ kànga, kò sì gbọdọ̀ wà lókè rẹ̀. Èso igbá máa ń pọ́n ní nǹkan bí oṣù Kẹrin, kí òjò tó le. Ní ìgbà náà, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tí ń ṣe irú ni kí a ti lọ tọrọ èèpo.