Ohun tí Wágọ̀nù Ń Sọ: Ọkọ̀ Ẹrù gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí nínú Ìtàn Rélùwéè Nàìjíríà

Ìfáárà

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ìtàn léèrè ohun tí ó mọ̀ nípa rélùwéè Nàìjíríà, ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀ ṣáájú. Yóò sọ pé ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà náà láti Èkó, pé wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901, pé ó dé Òṣogbo ní 1907, Ìlọrin ní 1908, Jẹ́bà ní 1909. Bí ó bá já fáfá, yóò fi ọ̀nà Baro sí Kano kún un. Gbogbo rẹ̀ ló tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí a bá tún bi í pé kí ni ọkọ̀ náà ń gbé, inú kí ni ó ń gbé e sí, ta ló sì ni ẹrù, ẹnu rẹ̀ á wọhò.

Kì í ṣe ẹ̀bi akẹ́kọ̀ọ́. Bí àwa olùkọ́ ṣe kọ́ wọn nìyẹn. Orí ọkọ̀ ló máa ń wà nínú àwòrán, pẹ̀lú èéfín rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ẹrù tó ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ń pè ní wágọ̀nù, kì í ju ìlà dúdú kan lọ nínú àwòrán náà. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé inú wágọ̀nù ni ó yẹ kí a ti wá ìtàn náà. Bí wọ́n ṣe kan wágọ̀nù ń sọ ẹrù tí ẹni tó kàn án ní lọ́kàn. Ẹrù tí ó padà gbé ń sọ ohun tí àwọn ará ìlú ní lọ́kàn tiwọn. Nígbà mìíràn méjèèjì bára mu. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọn kò bára mu rárá.

Bí a ṣe ń ka ara wágọ̀nù

Ọ̀fà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, níbi tí ojú irin ti gba inú ìlú kọjá. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan jẹ́ gáàdì, ìyẹn ẹni tó máa ń jókòó sínú ọkọ̀ tó kẹ́yìn pátápátá. Òun ló kọ́kọ́ fi hàn mí pé nọ́ńbà méjì wà tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára wágọ̀nù kọ̀ọ̀kan: ìwọ̀n wágọ̀nù náà fúnra rẹ̀ nígbà tó ṣófo, àti ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé. Ẹni tó bá mọ méjèèjì ti mọ ohun tí àáké ẹsẹ̀ rẹ̀ lè fara dà, ó sì ti mọ irú ọjà tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é.

Wágọ̀nù onílé ni ó wọ́pọ̀ jù. Ó ní ògiri, ó ní òrùlé, ó sì ní ilẹ̀kùn ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Gbogbo ohun tí òjò kò gbọdọ̀ pa ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀: kòkó, èkùrọ́, ẹ̀pà inú àpò, iyọ̀, aṣọ, sìmẹ́ńtì. Wágọ̀nù gbalasa ní ògiri ṣùgbọ́n kò ní òrùlé; èédú ilẹ̀, òkúta àti iyanrìn ni tirẹ̀. Ọ̀kan wà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí bí àrọ, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà nídìí: bí wọ́n bá ṣí ìdí, ẹrù á ya wálẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsí ṣọ́bìrì. Wágọ̀nù pẹrẹsẹ kò ní ògiri, kò ní òrùlé, pákó tàbí irin lásán ni. Igi gẹdú, ẹ̀rọ ńlá àti kọ̀ńténà ni ó wà fún. Wágọ̀nù alágbá ń gbé epo bẹntiróòlù àti kẹrosíìnì. Ti màlúù ní àlàfo lára ògiri rẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa wọlé.

Ohun kan wà tí mo máa ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn rí kí n tó sọ ọ́. Wágọ̀nù a máa kún lọ́nà méjì. Òwú á kún inú rẹ̀ dé òrùlé nígbà tí àáké rẹ̀ kò tíì mọ̀ pé ẹrù wà lórí òun. Tánganran, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní kuza, á ti pé ìwọ̀n nígbà tí àpò rẹ̀ kò tíì bo ilẹ̀ wágọ̀nù tán. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ẹ̀rọ tẹ òwú pọ̀ di ìdì líle kí wọ́n tó gbé e lọ sí ibùdókọ̀. Bí olùkọ́ ìṣirò bá wà nítòsí, ó lè fi èyí ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Èédú àti tánganran

Apá ìlà-oòrùn ni ìpinnu ẹni tó kọ́ ojú irin ti hàn jù. Wọ́n rí èédú ilẹ̀ ní agbègbè Udi ní 1909. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, láti Ìlú Ọba ni èédú tí ọkọ̀ Èkó ń jó ti ń bọ̀. Ní 1913 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti etí omi lọ sí ibi ìwakùsà náà, wọ́n sì fi orúkọ Lewis Harcourt, tó jẹ́ akọ̀wé àgbà fún ọ̀ràn àwọn ilẹ̀ amúnisìn nígbà náà, sọ ìlú tuntun tó wà létí omi yẹn: Pọtakọ́tì. Ní 1916, èédú Enúgu ti ń gba orí irin dé èbúté, ìrìn nǹkan bí kìlómítà 243.

Wágọ̀nù tó ń gbé èédú kún lọ, ó sì ń ṣófo bọ̀. Èérún dúdú ló kù nínú rẹ̀. Ta ni yóò da iṣu tàbí aṣọ sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀? Rélùwéè fúnra rẹ̀ sì ni oníbàárà tó tóbi jù fún èédú náà, tó fi jẹ́ pé wágọ̀nù ń gbé oúnjẹ ẹ́ńjìnnì tó ń wọ́ ọ. Nígbà tí àwọn ẹ́ńjìnnì dísù rọ́pò tèéfín, ìdí iṣẹ́ Enúgu mì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbàgbé pé àwọn ènìyàn ló wà lẹ́yìn èédú yìí: ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà 21 ní Iva Valley. Ìwé wa ń mẹ́nu ba ọjọ́ yẹn lábẹ́ ìjà òmìnira, kì í mẹ́nu bà á lábẹ́ rélùwéè. Ibì kan náà ni wọ́n.

Ti tánganran yàtọ̀. Kí ojú irin tó dé òkè Jos, orí ènìyàn ni wọ́n fi ń ru ú lọ sí Loko létí odò Benue. Láàrin 1911 sí 1914 ni wọ́n fi la ojú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti Zaria lọ sí Bukuru. Àárín irin méjèèjì rẹ̀ kò ju mìlímítà 762 lọ, nígbà tí ti ọ̀nà ńlá jẹ́ 1,067. Owó ni wọ́n fẹ́ fi pamọ́. Ṣùgbọ́n wágọ̀nù kékeré kò lè gun orí irin ńlá. Nígbà tí tánganran bá dé Zaria, àwọn alágbàṣe ni yóò sọ ọ́ kalẹ̀ ní àpò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì tún un dì sínú wágọ̀nù mìíràn. Owó tí wọ́n rò pé àwọn fi pamọ́ lórí irin, ẹ̀yìn àwọn alágbàṣe ni ó padà bọ́ sí.

Wágọ̀nù tí wọ́n rán ní òwú, tó gbé ẹ̀pà bọ̀

Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò òwú ní Manchester, British Cotton Growing Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1902, wà lára àwọn tó ń rọ ìjọba pé kí ojú irin dé Kano. Òwú fún ilé ìhunṣọ Lancashire ni wọ́n ń fẹ́. Percy Girouard, ẹni tó gbọ́n nínú iṣẹ́ rélùwéè, ni wọ́n fi ṣe kọmíṣọ́nà àgbà apá Àríwá ní 1907, ọ̀nà Baro sì dé Kano ní 1911. Wágọ̀nù onílé dúró de òwú.

Àgbẹ̀ Kano náà ní ìṣirò tirẹ̀. Àwọn ahunṣọ ìlú ń ra òwú lọ́wọ́ rẹ̀ ní iye tó sàn ju ti òyìnbó lọ. Ẹ̀pà ẹ̀wẹ̀, bí owó rẹ̀ bá wálẹ̀, ó ṣeé jẹ. Ta ló ń jẹ òwú? Àwọn oníṣòwò Haúsá wọ ìgbèríko lọ, wọ́n gba àgbẹ̀ níyànjú, wọ́n sì rà á. Ní 1912 ẹ̀pà tí Nàìjíríà kó lọ sókè òkun kò tó tọ́ọ̀nù 3,000. Ní 1913 ó ti lé ní 19,000. Wágọ̀nù tí Manchester fi ojú inú rí pẹ̀lú òwú kún fún ẹ̀pà. Ohun tó mú kí èyí ṣeé ṣe ni pé wágọ̀nù onílé kì í yan ẹrù. Ká ní onídìí ṣíṣí bíi ti èédú ni wọ́n rán lọ ni, ìtàn Kano ì bá yàtọ̀.

Níbí ni mo ti fẹ́ bá àwa olùkọ́ jà díẹ̀. Gbogbo wa ló ń fi àwòrán òkìtì ẹ̀pà Kano han akẹ́kọ̀ọ́, àwọn òkìtì àpò tí a ń pè ní pírámíìdì, a sì ń sọ pé àmì ọrọ̀ ni. Àmì ìkórè ńlá ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àpò tó wà nínú òkìtì jẹ́ àpò tí kò tíì rí ọkọ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, wágọ̀nù àti ẹ́ńjìnnì kò tó nǹkan, ẹ̀pà sì ń dúró ní Kano lábẹ́ tapólì fún oṣù púpọ̀. Bí wágọ̀nù bá ti pọ̀ tó, òkìtì náà ì bá má ga tó bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí àwòrán yẹn láìgbọ́ ọ̀rọ̀ wágọ̀nù ti ka ìdajì.

Obì lọ, màlúù bọ̀

Òwò kan wà lórí irin yìí tí kò sí nínú ètò òyìnbó kankan. Ṣáájú, láti Gold Coast ni obì gbànja ti ń wá, orúkọ rẹ̀ sì ń rántí Gonja. Ó ń gba ojú òkun dé Èkó, ó wá ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Àríwá. Nígbà tó yá, àwọn àgbẹ̀ Agége, Abẹ́òkúta àti Ṣágámù gbin tiwọn. Obì fẹ́ tutù, kò sì fẹ́ gbóná. Inú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ewé tẹ́ ni wọ́n ń dì í sí, bí ọkọ̀ bá sì pẹ́ lójú ọ̀nà, owó ti jóná nìyẹn. Àwọn màlúù láti Kano, Nguru àti Gusau sì ń bọ̀ ní gúúsù. Abner Cohen, tó ṣe ìwádìí ní Sábó Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1960, fi hàn pé ọwọ́ àwọn Haúsá Sábó ni òwò méjèèjì yìí wà, tí ìgbẹ́kẹ̀lé àárín wọn sì ń ṣe iṣẹ́ tí báǹkì kò ṣe fún wọn.

Mo rántí ọkọ̀ màlúù tó ń kọjá ní Ọ̀fà lóru. Òórùn rẹ̀ á kọ́kọ́ dé, ìró á tẹ̀lé e. Àwọn darandaran a máa wà nínú wágọ̀nù pẹ̀lú ẹran wọn, ẹlòmíràn á na ọwọ́ jáde bu omi. Fún ẹran, ìrìn ọkọ̀ sàn ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ, nítorí pé eṣinṣin tó ń fa àrùn oorun kì í ráyè bù ú jẹ púpọ̀.

Lóde òní

Ọ̀pọ̀ wágọ̀nù àtijọ́ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, tí wọ́n ti dípẹtà. Àwọn tó ń ra irin pàǹtí ń dín wọn kù. Kí wọ́n tó tán, olùkọ́ tó wà ní Zaria, Minna, Kafanchan tàbí Ìlọrin lè gba àṣẹ kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú okùn ìwọ̀n àti ìwé: kí wọ́n wọn ilẹ̀kùn, kí wọ́n ka nọ́ńbà ara rẹ̀, kí wọ́n sì bi àgbàlagbà tó wà nítòsí pé kí ni ó ń gbé.

Ọ̀nà tuntun náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Nítorí irin tútù Itakpe ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà Itakpe sí Warri ní 1987, kí ó lè máa bọ́ ilé iṣẹ́ irin Ajaokuta àti Aladja. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní 2020, àwọn arìnrìn-àjò ni wọ́n rọ́ wọ̀ ọ́. Ti Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 2021, dé èbúté Àpápá, mìlímítà 1,435 sì ni àárín irin rẹ̀. Ti àtijọ́, tó ń gba Òṣogbo àti Ìlọrin lọ sí Kano, ṣì jẹ́ 1,067. Wágọ̀nù ọ̀kan kò lè gun èkejì. Kọ̀ńténà tó bá gba ọ̀nà tuntun jáde ní Àpápá, tó sì fẹ́ fi ọkọ̀ ojú irin dé Kano, yóò sọ̀ kalẹ̀ ní Ìbàdàn kí ó tún wọ wágọ̀nù mìíràn, gẹ́gẹ́ bí àpò tánganran ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ní Zaria ní 1914.