Ẹni Tó Ń Ṣe Ara Ẹlòmíràn Lóge: Ìtàn Iṣẹ́ àti Ìtàn Orúkọ

Ní ọjọ́ tí wọ́n dá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Àjàṣẹ́, ó kúnlẹ̀ lórí ẹní, ọ̀gá rẹ̀ gbàdúrà lé e lórí ní Yorùbá, wọ́n da pàúdà sí i lórí títí irun rẹ̀ fi funfun, wọ́n sì fi ìwé-ẹ̀rí lé e lọ́wọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo nínú ìwé-ẹ̀rí náà. Esthéticienne ni wọ́n kọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá àgbà kan tó jókòó tì mí bi mí pé kí ni à ń pe iṣẹ́ náà ní tiwa. Olùkọ́ èdè ni mí. Mo la ẹnu, n kò rí nǹkan kan sọ. Inú ìbéèrè yẹn ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé ìdáhùn wà nílẹ̀. Ìṣaralóge ni àwọn ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ń pe gbogbo ohun tí ènìyàn ń ṣe kí ara rẹ̀ lè dára: irun dídì, ilà kíkọ, osùn kíkùn, làálì lílé, aṣọ wíwọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tú u: ì + ṣe + ara + ní + oge. Bí a bá fi a- rọ́pò ì- níwájú rẹ̀, aṣaralóge ni a ó rí, ẹni náà kì í sì í ṣe oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó ń ṣe ara tirẹ̀ lóge ni. Ara tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà ti so mọ́ ẹni tó ń ṣe é. Obìnrin tó ń fọ ojú oníbàárà fún owó kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Oníbàárà rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ẹlòmíràn lè mú amẹ̀wà wá, ọ̀rọ̀ tí Robert Farris Thompson lò nínú àròkọ rẹ̀ ti 1973 lórí bí àwọn Yorùbá ṣe ń ṣe lámèyítọ́ iṣẹ́ ọnà. Ọ̀rọ̀ tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ẹwà yàtọ̀ sí ẹni tó ń fọwọ́ ṣe é, bí ẹni tó mọ ọbẹ̀ tó dùn ṣe yàtọ̀ sí alásè.

Ohun tí mo wá gbà ni pé a kò ní orúkọ kan fún iṣẹ́ náà nítorí pé kì í ṣe iṣẹ́ kan. Ẹni tó ń di irun ni onídìrí. Ẹni tó ń fá orí ni onígbàjámọ̀. Ẹni tó ń kọlà ni olóólà. Ẹni tó ń lé làálì fún ìyàwó ni onílàálì. Oní- ló ṣáájú gbogbo wọn, yálà ó dúró bẹ́ẹ̀ tàbí ó di ol- níwájú fáwẹ̀lì tó tẹ̀ lé e. Ohun tí ọwọ́ kálukú ń ṣe ni wọ́n fi ń pè é. Ẹwà kò sí nínú orúkọ ẹnì kankan nínú wọn.

Bí orúkọ wọn ṣe yàtọ̀ ni ẹ̀kọ́ wọn náà yàtọ̀. Iṣẹ́ ìdílé ni iṣẹ́ olóólà, abẹ́ Ògún ló sì wà, nítorí irin ni wọ́n fi ń ṣe é. Òun kan náà ló ń dá abẹ́ fún ọmọkùnrin, tó ń kọ ilà ojú, tó sì ń fín kóló, ìyẹn ilà wẹ́wẹ́ tí àwọn obìnrin ń ṣe sára fún oge. Ọmọ tí wọ́n bí sínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ kì í san owó ẹ̀kọ́. Wíwò ni ẹ̀kọ́ rẹ̀: ó ń gbé àpò, ó ń pọ́n irinṣẹ́, ó ń fọ́ ìgbín kí omi rẹ̀ lè tu ojú ọgbẹ́ lára, títí àgbà yóò fi gbà á láyè láti fọwọ́ kan ojú ènìyàn. Àṣìṣe ibẹ̀ kì í parẹ́. Ilà ojú sì ju oge lọ. Ní ayé ogun, tí ogun Dáhòmì ń ja ilẹ̀ wa títí wọ́n fi fọ́ Kétu ní 1886, ojú ènìyàn ni wọ́n fi ń mọ ìlú tó ti wá. Ayé ti yí padà lórí ìyẹn. Ní Nàìjíríà, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ka ilà kíkọ sára ọmọ sí ẹ̀ṣẹ̀, n kò sì rí ẹni tó ń sunkún nítorí rẹ̀ láàárín àwọn ojúgbà mi.

Ẹ̀kọ́ onídìrí kò le tó bẹ́ẹ̀. Orí ẹ̀gbọ́n, orí àbúrò, orí ọ̀rẹ́ ni ọmọbìnrin fi ń kọ́ ṣùkú, kọ̀lẹ̀ṣẹ̀ àti ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀. Bí ó bá bàjẹ́, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un dì.

Ẹ̀ka kan wà tí àwọn tó ń kọ ìtàn iṣẹ́ ọwọ́ kì í sábà kà kún un, èmi sì gbà pé òun gan-an ni ìyá iṣẹ́ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ́. Ìyẹn ni iṣẹ́ ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ tuntun. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ dúdú, kànrìnkàn. Ó ń wọ́ apá ọmọ, ó ń wọ́ ẹsẹ̀, ó ń fọwọ́ tẹ orí kí ó lè rí rògòdò, ó ń fi àdín tàbí òrí pa á lára. Ní apá Ṣábẹ̀, níbi tí igi òrí ti ń hù, òrí kì í wọ́n. Lẹ́yìn ọmọ ni yóò kan ìyá ọmọ. Ìyá àgbà yìí mọ awọ ara ju ẹnikẹ́ni lọ: ó mọ èyí tó gbẹ, èyí tó ń sú, èyí tí ọṣẹ kò gbọdọ̀ kàn. Kò gbé pátákó kọ́ ẹnu ọ̀nà, kò gba ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Ìyàwó ilé tó ń pọn omi fún un ni akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń ṣe.

Nídìí ìwẹ̀ yìí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀-ìṣe sílẹ̀, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ń wá àkòrí ni mo sì ń bá sọ̀rọ̀ níbi yìí. À ń kun osùn. À ń lé tìróò, à ń lé làálì. À ń fi òrí pa ara, ibẹ̀ ni a ti rí ìpara. À ń fi àdín ra ẹsẹ̀. À ń wọ́ iṣan. Faransé a máa fi appliquer kan ṣoṣo ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí. Ní tiwa, ohun èlò ló ń yan ọ̀rọ̀-ìṣe: ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ pa tìróò yóò gbọ́ ẹ̀rín. Ẹ wo irun náà: à ń fá a, à ń rẹ́ ẹ, à ń gé e, à ń tu ú, à ń yà á, à ń dì í. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín raser àti épiler, tí wọ́n ń fi ọjọ́ kan gbáko kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ ọdún márùn-ún ní Kétu ti mọ̀ ọ́n: ẹni tó ń fá adìyẹ kò sí, títu là ń tu ú.

Báwo wá ni iṣẹ́ púpọ̀ ṣe di ọ̀kan? Ọ̀rọ̀ esthétique fúnra rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ ní ilé oge. Baumgarten, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Jámánì, ló sọ ọ́ di orúkọ ẹ̀ka ìmọ̀ ní 1735, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó jẹ mọ́ ohun tí a ń mọ̀ lára. Ó lé ní igba ọdún lẹ́yìn náà, ní 1963, kí Faransé tó ṣe òfin lórí ẹni tó lè máa ṣe iṣẹ́ esthéticien. Dáhòmì ti gba òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù Ògún 1960, nítorí náà òfin yẹn kò dè wá. Ṣùgbọ́n orúkọ náà wọlé, ó sì kó ìtọ́jú ojú, irun ara títu, ìtọ́jú èékánná, wíwọ́ ara àti ojú kíkùn sínú àpò kan. Ọwọ́ kan wá gba iṣẹ́ ọwọ́ márùn-ún.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ló dùn mọ́ mi jù. Iṣẹ́ tó wọlé pẹ̀lú orúkọ Faransé kò rí ilé Faransé wọ̀. Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ wa, ti télọ̀ àti káfíńtà. Òbí mú ọmọ wá sọ́dọ̀ patronne, wọ́n fi owó sílẹ̀, wọ́n ka ọdún, ó sábà máa ń jẹ́ mẹ́ta. Ọdún kìíní, ọmọ ń gbálẹ̀, ó ń pọn omi, ó ń fọ aṣọ ìnura. Wíwò ni ẹ̀kọ́ rẹ̀, bíi ti ọmọ olóólà. Ní ìparí, wọ́n á ṣe libération fún un. Bí ẹ bá sọdá ààlà sí Ìmẹ̀kọ tàbí Ìdí-Ìrókò, ẹ ó rí ayẹyẹ kan náà, ìkúnlẹ̀ kan náà, àdúrà kan náà, fírídọ́ọ̀mù ni wọ́n sì ń pè é níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àyálò méjì láti inú èdè aláwọ̀ funfun méjì, ìtumọ̀ kan: ìdásílẹ̀. Ní Faransé, ẹni tó bá gba CAP ti yege ìdánwò ni. Kò sí ẹni tó dá a sílẹ̀. Lójú tèmi, èrò Yorùbá ló wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì. À ń sọ pé ọmọ wà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀; ohun tó bá sì wà lọ́wọ́ ènìyàn, ó di dandan kí onítọ̀hún ṣí ọwọ́ kí ó tó lè lọ.

Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wa kò wọlé tẹ̀ lé àṣà náà. Ìdí kan ni ọ̀rọ̀ bó. Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ń kọ́ gommage, ìyẹn fífi nǹkan oníyanrìn ha awọ tó ti kú kúrò lójú. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó yá sí ẹnu wọn ni bó, bí a ṣe ń bó èèpo ọsàn. Kò sì ṣeé lò, nítorí pé bíbó ara ti di orúkọ ìpara tó ń sọ dúdú di pupa. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ ní 2011 lórí mẹ́kúrì nínú irú ìpara bẹ́ẹ̀ sọ pé ìdá 59 nínú 100 àwọn obìnrin ní Tógò ń lò ó déédéé, ìdá 77 ní Nàìjíríà. Àdéhùn Minamata ti 2013 fi 2020 ṣe gbèdéke fún òpin ìpara tí wọ́n fi mẹ́kúrì sí, síbẹ̀ ẹnu ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó ń po ìpara nínú ike ni oníbàárà ń gbọ́, kì í ṣe ẹnu àdéhùn. Bí ọmọ náà kò bá ní ọ̀rọ̀ tó ya èyí tó ń tọ́jú awọ sọ́tọ̀ sí èyí tó ń bà á jẹ́, kí ni yóò fi kìlọ̀ fún ìyá tó jókòó síwájú rẹ̀?

Ìjọba kò ṣàì gbìyànjú. Ní 2005 ni Bẹ̀nẹ̀ gbé CQP kalẹ̀, tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ń wà lẹ́nu iṣẹ́ tí ó sì tún ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ti kàwé dé CM2 ni wọ́n ń gbà sí i. CQM wà fún àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́nà ìbílẹ̀. Òfin-ìpìlẹ̀ ti 1990 sọ nínú abala kìíní pé Faransé ni èdè ìjọba, ó sì sọ nínú abala 11 pé gbogbo àwùjọ ló ní òmìnira láti máa lo èdè wọn, ní sísọ àti ní kíkọ. Àárín abala méjèèjì yẹn ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣubú sí.

Lẹ́yìn ìdásílẹ̀ rẹ̀, ó lọ ṣe ìdánwò ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan kí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ lè nípọn sí i. Ọwọ́ rẹ̀ kò ní àbùkù. Ojú tó tọ́jú níbẹ̀ dán bí abẹ́là. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi í ní Faransé pé kí ni ìyàtọ̀ láàárín gommage àti peeling. Ó dákẹ́. Wọ́n fún un ní òdo. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo bi í ní ìbéèrè kan náà ní Yorùbá. Kò tilẹ̀ gbé ojú sókè nínú oúnjẹ tó ń jẹ. Ó ní, “Tántì, èyí tó ti kú là ń ha kúrò nínú ti àkọ́kọ́. Èkejì lè dé ibi tó ṣì wà láàyè. Bí ẹ kò bá mọ ibi tó yẹ kí ẹ dúró, ẹ ti dá ọgbẹ́ sójú onílé.” Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka irú awọ tí kò gbọdọ̀ fara kàn án. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tó sọ, ẹnu ìyá mi, tó wẹ gbogbo ọmọ ilé wa, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni àwa méjèèjì ti ń kọ ìwé kan, Faransé lápá òsì, Yorùbá lápá ọ̀tún. Massage kò fún wa ní wàhálà, wíwọ́ ara ni. Épilation, irun títu. Níbi gommage, mo dábàá híha òkú awọ, inú mi sì dùn sí i. Ọmọ náà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ta ni yóò san owó kí wọ́n wá dárúkọ òkú sí i lójú? Mo tún mú ìhara wá. Ó ní ó jọ orúkọ àìsàn. Àlàfo náà ṣì wà nínú ìwé rẹ̀.