Àsíá Ogun Lórí Ìtàgé: Ìfẹ́ Ilẹ̀ Ìbí ni Tàbí Ẹlẹ́yàmẹ̀yà?

Ẹni tó bá wo àwòrán àwọn ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá ní àwọn ọdún 1970 àti 1980 yóò máa rí àsíá kan lemọ́lemọ́: ilẹ̀ rẹ̀ pupa, ọ̀já aláwọ̀ búlúù méjì dábùú ara wọn lórí rẹ̀, ìràwọ̀ funfun 13 sì wà lára ọ̀já náà. Wọ́n ń ta á sẹ́yìn àwọn olórin lórí ìtàgé, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ sára ẹ̀wù àti fìlà tí wọ́n ń tà fún èrò ìwòran. Àwọn kan ní ìfẹ́ ilẹ̀ ìbí ni wọ́n fi ń hàn, pé kò ju bí ọmọ ìlú kan ṣe ń ki ìlú rẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn ní àmì ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni, àmì àwọn tó fẹ́ kí ènìyàn dúdú wà lóko ẹrú títí ayé. Ó yẹ kí àwa tí a fẹ́ràn èdè yẹ àríyànjiyàn yìí wò dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ nípa bí àmì ṣe ń sọ̀rọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ìdí àsíá náà. Ní oṣù kejì ọdún 1861, ìpínlẹ̀ méje tó ti ya kúrò lára orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà dá ìjọba tiwọn sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí ìjọba Confederate. Mẹ́rin mìíràn dara pọ̀ mọ́ wọn láìpẹ́. Àsíá tí à ń wí yìí kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Àsíá àkọ́kọ́ wọn jọ ti Amẹ́ríkà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro láti dá a mọ̀ nínú èéfín ìbọn lójú ogun Manassas ní oṣù keje ọdún náà. Èyí ló mú kí àwọn ọ̀gágun ṣe òmíràn fún ojú ogun, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí Robert E. Lee wá darí ní Virginia sì sọ ọ́ di olókìkí. (Ìpínlẹ̀ 11 ló ya kúrò, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ jẹ́ 13, nítorí wọ́n ka Kentucky àti Missouri mọ́ ọn, bí ẹni tó ń ka ẹyẹ orí igi mọ́ adìẹ ilé rẹ̀.) Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jà kò fara sin. Igbákejì ààrẹ wọn, Alexander Stephens, sọ ọ́ ní gbangba ní ìlú Savannah ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 1861 pé orí ìgbàgbọ́ pé ènìyàn dúdú kò bá aláwọ̀ funfun dọ́gba ni ìjọba tuntun náà dúró lé, àti pé oko ẹrú ni ipò tó tọ́ sí i. Ẹni tó bá wá ń sọ lónìí pé ogun náà kò ní ọwọ́ ọ̀rọ̀ ẹrú nínú, àwọn tó dá ogun náà sílẹ̀ gan-an ló ń bá jiyàn.

Lẹ́yìn tí wọ́n pàdánù ogun ní ọdún 1865, itẹ́ òkú àwọn ológun àti ìpàdé àwọn jagunjagun àtijọ́ ni a ti sábà ń rí àsíá náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mississippi ti fi í sí igun àsíá ìpínlẹ̀ rẹ̀ láti ọdún 1894. Ìgbà tí ènìyàn dúdú ń bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ kíkankíkan ló tún jí. Ní ọdún 1948, àwọn olóṣèlú Gúúsù tí inú ń bí sí Ààrẹ Truman lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ yìí fa Strom Thurmond kalẹ̀ láti du ipò ààrẹ, àsíá ogun náà sì ni àwọn alátìlẹ́yìn wọn ń jù kiri. Ní ọdún 1954, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé yíya ọmọ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ funfun ní ilé-ìwé lòdì sí òfin. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, Georgia fi àmì ogun náà sínú àsíá rẹ̀. Ní ọdún 1963, Gómìnà George Wallace ti Alabama, ẹni tó ti ṣèlérí nígbà ìbúra rẹ̀ pé ìyàsọ́tọ̀ yóò wà títí láé, ta á sókè ilé ìjọba ní Montgomery nígbà tí Robert Kennedy wá láti Washington. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, bọ́ǹbù pa ọmọbìnrin dúdú mẹ́rin nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Birmingham, ní Alabama yìí kan náà.

Ọdún mọ́kànlá péré lẹ́yìn èyí, ní 1974, ni Lynyrd Skynyrd, ẹgbẹ́ kan láti Jacksonville ní Florida, gbé “Sweet Home Alabama” jáde. Èsì ni wọ́n fi orin náà fọ̀ fún orin méjì tí Neil Young, ọmọ Kánádà, ti fi bá Gúúsù wí ní 1970 àti 1972. Ó dun Ronnie Van Zant àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ará òkèèrè kan kó gbogbo ará Gúúsù pọ̀ mọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀. Ìbínú yẹn yé mi. Ta ni wọ́n ń bú ìlú rẹ̀ tí yóò máa rẹ́rìn-ín? (Àmọ́ àwọn mẹ́ta ló kọ orin náà, kò sì sí ọmọ Alabama kankan nínú wọn: méjì wá láti Florida, ẹnì kẹta wá láti California.) Orin náà mẹ́nu kan gómìnà, àwọn elégbè sì ń hó lábẹ́ rẹ̀. Títí di òní, àwọn kan ní wọ́n ń gbóṣùbà fún Wallace, àwọn kan ní wọ́n ń hó lé e lórí ni. Lára àwọn elégbè náà ni obìnrin dúdú méjì, Clydie King àti Merry Clayton. Clayton ti ṣàlàyé pé òun kọ́kọ́ kọ̀, nítorí ohun tí Alabama jẹ́ lójú ènìyàn dúdú, kí King tó rọ òun.

Nínú àwo kan náà ni “The Ballad of Curtis Loew” wà, orin tó ń yin arúgbó dúdú kan tó mọ gìtá ta, tí ọmọdé kan kò yéé lọ gbọ́ bí ìyá rẹ̀ tilẹ̀ ń nà án nítorí rẹ̀. Ẹni tó kọ irú orin bẹ́ẹ̀, n kò lè fi ẹnu mi sọ pé ìkórìíra ènìyàn dúdú ló kún inú rẹ̀. Síbẹ̀ abẹ́ àsíá ogun ni ẹgbẹ́ náà ti ń kọrin. Van Zant fúnra rẹ̀ sọ pé ọgbọ́n ìpolówó ọjà ilé-iṣẹ́ MCA, tó ń gbé àwo wọn jáde, ni àsíá náà. Lójú tèmi, àlàyé yìí kò tu ẹnikẹ́ni nínú: ohun tí wọ́n fi dẹ́rù ba ọmọ ènìyàn ní 1963 ti di ohun tí wọ́n fi ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù.

Àwọn baba wa tó ń fi àrokò ránṣẹ́ mọ̀ pé àmì kì í gbọ́ ti ẹni tó dì í nìkan. Bí ènìyàn bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́, ẹni tó gbà á mọ̀ pé ọkàn olùránṣẹ́ fà sí òun, nítorí ẹ̀fà àti fífà ti so mọ́ra nínú èdè. Ẹni tó bá di mẹ́fà, tó wá ní ìjà ni òun ń pè, èdè ti sọ tirẹ̀ kó tó la ẹnu. Ọmọ Jacksonville tó ta àsíá yìí sẹ́yìn ìlù rẹ̀ ní 1975 lè má ní Stephens tàbí Wallace lọ́kàn rárá. Ó lè jẹ́ odò tó ti ń pẹja ló ń rò, oúnjẹ ìyá rẹ̀, àti bí àwọn ará Àríwá ṣe ń fi ohùn ẹnu rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún méjìlá péré ló wà láàárín àsíá tirẹ̀ àti ti Montgomery, ọmọ dúdú tó sì rí i kò tíì gbàgbé. Ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ìbéèrè kan tilẹ̀ wà tó ṣáájú èyí tí à ń bèèrè: ilẹ̀ ìbí ta ni? Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 1860, ẹrú ni nǹkan bí 57 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní South Carolina, 55 ní Mississippi, àti 45 ní Alabama. Bí a bá pe àsíá àwọn tó jà kí ìwọ̀nyí má baà gba òmìnira ní àsíá Gúúsù, a ti yọ wọ́n kúrò lára ọmọ Gúúsù, àwọn àti àtọmọdọ́mọ wọn, láìsọ ọ́ jáde. Ibi tó dùn mí jù nìyí, nítorí nínú blues ni rọ́ọ̀kì Gúúsù fúnra rẹ̀ ti hù. The Allman Brothers Band, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1969 tó sì fi Macon ní Georgia ṣe ilé, ní onílù dúdú kan, Jaimoe, láti ìbẹ̀rẹ̀. “Statesboro Blues” tí wọ́n fi lókìkí, Blind Willie McTell, afọ́jú dúdú ọmọ Georgia, ló gbé e jáde ní 1928.

Fún àwa Yorùbá, ọ̀rọ̀ Alabama tún sún mọ́lé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù keje ọdún 1860, ọkọ̀ ojú omi Clotilda kó bí 110 ènìyàn láti Ouidah wọ Mobile ní Alabama ní òru, lẹ́yìn ọdún 52 tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ̀lú léèwọ̀. Kossola wà lára wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin tí àwọn ọmọ ogun Dahomey kó ní agbègbè Bantè, ní ilẹ̀ Benin òde òní. Àwọn òpìtàn tó tọpa rẹ̀ kà á mọ́ ọmọ Yorùbá. Oṣù méje lẹ́yìn tí wọ́n dé ni wọ́n dá ìjọba Confederate sílẹ̀, ní Montgomery, ní ìpínlẹ̀ kan náà. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira ní 1865, ilé ni wọ́n fẹ́ padà sí, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ kò sí. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n tẹ ìlú kékeré kan dó, wọ́n sì pè é ní African Town. Àárò ilé kò kúrò lára Kossola títí tó fi kú ní 1935. Ọdún 2019 ni wọ́n tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwókù Clotilda ni èyí tí wọ́n rí nínú odò. Òun náà jẹ́ ará Alabama. Kò sí àyè fún un lábẹ́ àsíá yẹn.

Àwọn olórin kan ti dáhùn fúnra wọn. Ní 2012, Gary Rossington ti Lynyrd Skynyrd sọ fún CNN pé àwọn ti ń yẹra fún àsíá náà, nítorí àwọn ẹgbẹ́ akórìíra ènìyàn ti jí i gbé. Àwọn olólùfẹ́ wọn bínú gidigidi, kò sì pẹ́ tó fi jáde wá ṣàlàyé pé àsíá náà ṣì ń bá àwọn lọ. Ó dà bí ẹni pé àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ló ń pàṣẹ fún ẹni tó wà lórí ìtàgé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, ọ̀dọ́mọkùnrin funfun kan tó ti ya fọ́tò pẹ̀lú àsíá yìí pa ènìyàn dúdú mẹ́sàn-án nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Charleston. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, South Carolina sọ ọ́ kalẹ̀ ní ọgbà ilé ìjọba rẹ̀. Mississippi pa àsíá tirẹ̀ tì ní 2020.

Tom Petty, ọmọ Gainesville ní Florida, ti lo àsíá náà lórí ìtàgé ní 1985, nígbà tó ń polówó àwo rẹ̀ “Southern Accents”, nítorí orin kan tó fi sẹ́nu ọmọ Gúúsù tí ogun àwọn baba rẹ̀ kò tíì tán lọ́kàn rẹ̀. Lẹ́yìn ìpànìyàn Charleston, ó sọ pé ìwà òmùgọ̀ ni, pé òun kò ronú bí yóò ti rí lójú ènìyàn dúdú. Ó ròyìn pé lẹ́yìn ìrìn àjò orin ti 1985 náà, àwọn èrò ìwòran bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àsíá náà wá síbi eré òun. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ẹnì kan ju ọ̀kan sórí ìtàgé. Petty dá eré dúró, ó sọ fún èrò pé irú ènìyàn tó ń gbé e kiri kọ́ ni òun, àti pé òun kò fẹ́ máa rí i níbi eré òun. Àwọn kan hó lé e lórí, àwọn kan pàtẹ́wọ́. Láti alẹ́ ọjọ́ náà, ó ní òun kò tún rí àsíá náà mọ́.